Níbo Ni Ká Fi "You" Sí Lẹ́yìn "Call"?

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Ring Road, n'Ìbàdàn níbí, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Èmi ni mo máa ń tẹ lẹ́tà àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọ́fíìsì wa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá mi fi bírò pupa fagi lé gbólóhùn mẹ́ta tí mo kọ. Mo kọ 'We will call back you', wọ́n yí i sí 'call you back'. Mo rò pé ó ti yé mi, ni mo bá kọ ọ́ pé 'Our messenger will call you on tomorrow'. Wọ́n tún fagi lé e, wọ́n ní 'call on you'. Nígbà tó yá, mo kọ nípa ìpàdé Ọjọ́bọ̀ pé 'They have called off it', wọ́n ní 'called it off'. Mà, 'call' kan náà ni gbogbo rẹ̀. Kí ló dé tí 'you' àti 'it' fi ń sá síwájú sá sẹ́yìn? Ṣé òfin wà níbẹ̀ ni, àbí ká kàn máa há a sórí? Ẹ tún bá mi wò ó, 'call me on this number' àti 'call me with this number', èwo ló tọ̀nà?"

Àbúrò mi, òfin wà. Má wulẹ̀ há nǹkan kan sórí.

Ohun tó ń dà ọ́ láàmú ni pé "call" lo tẹjú mọ́, bẹ́ẹ̀ "call" kọ́ ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kó o wò: "back", "on", "off", "for", "up". Kó o wá bi ara rẹ pé, ta ló ni ọ̀rọ̀ kékeré yìí? Ṣé "call" ló ni ín, tí àwọn méjèèjì jọ di ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo? Àbí ẹni tàbí ohun tí à ń dárúkọ ló ni ín, tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni, tó kàn ń mú wa dé ọ̀dọ̀ ẹni náà? Bó bá jẹ́ ti "call", "you" tàbí "it" gbọ́dọ̀ wọ àárín wọn. Bó bá jẹ́ ti ẹni náà, a kì í yà wọ́n, "you" á sì gbẹ́yìn. Òfin náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a ṣe ń mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kékeré náà ni iṣẹ́ tó kù.

Ẹnu rẹ tilẹ̀ ti mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Tó o bá wà nínú mọ́tò, tí ọ̀rẹ́ rẹ pè ọ́, tí kọ̀ǹdọ́ sì ń pariwo owó ọkọ̀ sí ọ létí, kí lo máa ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ? "Jọ̀ọ́, màá call ẹ back." Láti Ojóò títí dé Olómi, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé "màá call back ẹ". Àwọn ọmọ tó ń ta ẹnu sí ara wọn lórí fóònù náà máa ń sọ pé "wọ́n ti call ẹ̀ out", wọn kì í sọ pé "wọ́n ti call out ẹ̀". Ẹnu tó ń pa Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ síbi tó yẹ, kò dúró de tíṣà kankan. Ìdí rẹ̀ ni pé "pè mí padà" ni Yorùbá ń sọ. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "pè padà mí". "Padà" jẹ́ ti "pè", nítorí náà "mí" wọ àárín wọn. "Ké sí mi" ńkọ́? "Sí" kì í ṣe ti "ké", èmi tí wọ́n ń ké sí ló ni ín, "mi" sì tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "ké mi sí".

Kí ló wá dé tí ìka rẹ fi tẹ "call back you" nígbà tí ẹnu rẹ mọ̀ pé "call ẹ back" ni? Mo rò pé kíláàsì ló fa èyí. Wọ́n kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù fún wa pé "call back: pè padà", "call off: wọ́gi lé", bíi ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Àpẹẹrẹ tí wọ́n sì ń fún wa, ọ̀rọ̀-orúkọ ló máa ń wà níbẹ̀: "call back the client", "call off the meeting". Àpẹẹrẹ wọ̀nyẹn tọ̀nà. Ibi tí ewu wà ni ìgbà tí o bá yọ "the meeting" kúrò, tí o sì fi "it" dí àlàfo tó ṣẹ́ kù.

Wo bó ṣe rí. Èèyàn lè sọ pé "They called off the meeting". Ó tún lè sọ pé "They called the meeting off". Méjèèjì dára, a ò sì lè fi ọ̀kan bú èkejì. Àmọ́ tó bá di "it", "them", "me", "you", "him", "her" tàbí "us", àǹfààní yíyàn ti tán: "They called it off" nìkan ló kù. Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba ọ̀rọ̀-orúkọ láàyè kó dúró síta, ṣùgbọ́n kì í gba ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ láàyè bẹ́ẹ̀.

Àwọn elédè ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ìparí gbólóhùn ni wọ́n máa ń fi ohun tuntun sí, ohun tí olùgbọ́ kò tíì mọ̀. Tí mo bá ní "it", ìwọ àti èmi ti mọ ohun tí à ń sọ, kò sí ìròyìn kankan nínú rẹ̀ mọ́. "Off" ló gbé ìròyìn dání, òun ló sọ pé ìpàdé ò ní wáyé mọ́. Nítorí náà "it" á wọlé jókòó sáàárín, "off" á gba ìparí. Lóòótọ́, o lè gbọ́ kí òyìnbó sọ pé "call back HIM, not his wife", kó sì fi ohùn tẹ "him" gidigidi láti fi hàn pé ẹni yìí ni, kì í ṣe ẹni yẹn. Ìyẹn wà fún ẹnu. Má ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà ọ́fíìsì.

Yorùbá náà ní irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀, tí àwọn olùkọ́ ń pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là: bàjẹ́, tànjẹ, gbàgbọ́. "Ó tàn mí jẹ." "Gbà mí gbọ́." Ṣùgbọ́n tiwa le ju tiwọn lọ, nítorí pé àti ọ̀rọ̀-orúkọ àti arọ́pò orúkọ ló gbọ́dọ̀ wọ àárín: "wọ́n ba ìpàdé jẹ́", "wọ́n bà á jẹ́". Yorùbá ò gbà ká sọ pé "wọ́n bàjẹ́ ìpàdé". Tó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì náà le tó bẹ́ẹ̀ ni, tí "called off the meeting" kò sí rárá, o ò bá má ti ṣe àṣìṣe yẹn. Ọ̀nà méjì tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀-orúkọ ló ṣì ọ́ lọ́nà.

Ibì kan tún wà tí etí Yorùbá rẹ á ti tàn ọ́, "call off" gan-an sì ni. Kí la máa ń sọ fún un? "Wọ́gi lé e", "fagi lé e". Wo "e" yẹn, ìparí ló wà. "Lé" jẹ́ ti ohun tí wọ́n fa igi lé lórí, òun ni "e" fi tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gbé "fagi lé e" kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, "call off it" ló máa jáde. Mo fura pé ọ̀nà tí ìkẹta rẹ gbà jáde nìyẹn. Nítorí náà, lo etí Yorùbá rẹ dáadáa, ṣùgbọ́n má fi gbogbo ọkàn tán an. Òun ló gbè ọ́ níbi "pè mí padà", òun náà ló sì ṣì ọ́ lọ́nà níbi "fagi lé e".

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dé orí "call off", ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí ibi ìyanṣẹ́lódì, torí pé ibẹ̀ ni ará Ìbàdàn ti ń gbọ́ ọ jù. Ní 14 oṣù Kejì, 2022, ASUU gùnlé ìyanṣẹ́lódì. Ó di 14 oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró. Odindi oṣù mẹ́jọ ni gbogbo Àgbọ́wó fi dá páropáro, tí àwọn tó ń ṣe fọ́tókópì níwájú UI kò rí ẹni ṣe é fún. Láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo òbí: "Have they called it off?" Èyí tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò sọ pé àwọn "called it off" rárá. "Suspend" ni wọ́n lò, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò sì rí bákan náà. Ohun tí o bá "suspend", o lè tún gbé e dìde lọ́la. Ohun tí o bá "call off", o ti pa á tì. Àwọn oníròyìn kan máa ń gbé e jáde pé "ASUU calls off strike" nígbà tí ẹgbẹ́ náà sọ pé "suspend". Ọ̀gá rẹ tó jẹ́ lọ́yà á bínú sí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ju ti "it" lọ. "Suspend" kò ní ọ̀rọ̀ kékeré kankan lẹ́yìn, nítorí náà "suspended it" ni, kò sí wàhálà.

Ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì yìí tún ní àwọn ẹbí "call" mìíràn nínú. Kí ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan á ti máa béèrè fún un: "Some members called for it." "For" jẹ́ ti "it", ohun tí wọ́n ń béèrè fún. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́: "The union called them out." "Out" jẹ́ ti "call", "them" wọ àárín. Tí wọ́n bá wá wọ́gi lé e: "They called it off." Sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra wọn lóhùn rara: called for it, called them out, called it off. Ṣé o gbọ́ ọ? Ohùn rẹ kò balẹ̀ síbì kan náà. Nínú "called for it", "called" lo tẹ̀, "for" sáré kọjá bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Nínú méjì tó kù, "out" àti "off" lo tẹ̀ níparí.

Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀ láti fi dá wọn mọ̀, ohùn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀rọ̀ kékeré tó bá jẹ́ ti "call" máa ń gba ohùn tó lágbára. Èyí tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-atọ́kùn máa ń rẹlẹ̀. Call it OFF. Call you BACK. CALL on her. CALL for it. Ó ṣeni láàánú pé nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC ní Oral English, wọ́n á kọ́ wọn ní ibi tí ohùn ń tẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á wá kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀-atọ́kùn, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Tó o bá ń tẹ lẹ́tà tí o ò mọ ibi tí "you" máa lọ, sọ gbólóhùn náà jẹ́jẹ́ sábẹ́ ètè kó o tó tẹ̀ ẹ́.

Tí ohùn kò bá dá ọ lójú, ọ̀nà mìíràn wà tó bá ọ́fíìsì lọ́yà mu gan-an, nítorí pé àwọn lọ́yà fẹ́ràn "on whom" àti "for which". Gbìyànjú láti gbé ọ̀rọ̀ kékeré náà lọ síwájú "whom" tàbí "which". "The widow on whom our messenger called." Ó gbà. "The meeting off which they called." Áà, kò gbà, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ á rẹ́rìn-ín. "On" bá opó náà lọ nítorí pé òun ló ni ín. "Off" kọ̀ láti lọ nítorí pé "call" ló ni ín.

Má wá gbìyànjú èyí sínú gbólóhùn tí wọ́n ti yí padà sí "was called". "The meeting was called off." "He was called on to speak." Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré méjèèjì ló dúró ti "called" gbágbáágbá, kò sí "it" tàbí "him" lẹ́yìn wọn, ojú kan náà sì ni wọ́n ní. Bẹ́ẹ̀ irú gbólóhùn yìí ló kún inú ìwé ìròyìn àti lẹ́tà ìjọba tí à ń kà. Òun ló ń mú kí èèyàn rò pé "called off" àti "called on" jẹ́ ẹgbẹ́. Tó o bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ wọn, kọ́kọ́ dá gbólóhùn náà padà sí ti ẹni tó ṣe iṣẹ́.

Ó yá, gbólóhùn kejì rẹ, "will call you on tomorrow". Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí ni mo rò pé ó lè kó bá ọ́fíìsì yín jù, torí pé kì í ṣe gírámà nìkan ló bàjẹ́ níbẹ̀, ìtumọ̀ ló yí. Ohun tí ẹ fẹ́ sọ ni pé ìránṣẹ́ yín máa yà sọ́dọ̀ oníbàárà. Ohun tí oníbàárà máa kà ni pé ìránṣẹ́ yín máa pè é lórí fóònù. Á wá gbé fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, á lọ sí ọjà Bódìjà, ìránṣẹ́ á dé ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó yẹ kó fọwọ́ sí, kò ní bá ẹnikẹ́ni. "On" kékeré ló ya ìpè fóònù sọ́tọ̀ kúrò lára ìbẹ̀wò. "Call you": pè ọ́. "Call on you": yà kí ọ. ("On tomorrow" náà kò sí o. "Tomorrow" kì í gba "on". "On Thursday" ló gbà á.)

Nínú ọ̀rọ̀ yíyà kíni yìí, èèyàn ni "on" wà fún, ibì kan ni "at" wà fún. "He will call on you." "He will call at your office." Ìdí nìyẹn tí òyìnbó fi lè sọ nípa ọkọ̀ ojú irin tó ń gbéra ní Móníyà lọ sí Èkó pé "it calls at Abeokuta", ìyẹn ni pé ó ń dúró ní Abẹ́òkúta gbé èrò. Kò lè "call on Abeokuta", àfi tó bá fẹ́ kí ìlú náà dìde ṣe nǹkan kan fún un.

Ìtumọ̀ kejì "call on" nìyẹn ná, ká ké sí ẹnì kan pé kó ṣe ohun kan. "The governor called on residents to clear their drains." "He called on them." Yorùbá bá a mu régí níbí: Gómìnà ké sí wọn. Níbi ìnáwó, ẹni tó di máíìkì mú á ní "I now call upon the chairman", tí alága bá sì ti rìn jáde tí ó ń bọ̀ níwájú, ó lè sọ pé "I call upon him". "Upon" kàn ń wọ agbádá ju "on" lọ ni. Ipò kan náà ni wọ́n wà.

"Call for you" náà tún ń da àwọn èèyàn láàmú. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "I will call for you at four" túmọ̀ sí pé mò ń bọ̀ wá mú ọ jáde ní aago mẹ́rin. "I will call you at four" túmọ̀ sí pé fóònù rẹ máa dún ní aago mẹ́rin. Fi "for" sílẹ̀, o ti fi èèyàn sílẹ̀ ní ìdúró ní Mókọ́lá. Ohun tí kì í ṣe èèyàn náà ń lo "call for" lọ́nà mìíràn: "This matter calls for patience", ọ̀rọ̀ yìí gba sùúrù, "it calls for it". Láti ibẹ̀ ni "uncalled for" ti wá, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ẹnì kan sọ, tí kò sẹ́ni tó bi í.

Tó o bá rí ọ̀rọ̀ kékeré méjì tó tò tẹ̀ léra, má fòyà. "I will call in on her after work", màá yà yọjú sí i tí mo bá ṣíwọ́. Èyí tó kẹ́yìn nínú méjèèjì ni ọ̀rọ̀-atọ́kùn, òun ni "her" sì ń tẹ̀ lé. "Call in her" kò jẹ́ nǹkan kan. "Call her in" jẹ́ nǹkan, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni: ẹ pè é wọlé. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ ló máa ń sọ ọ́ nípa ẹlẹ́rìí tó jókòó síta.

Wàyí o, o lè rí gbólóhùn kan tó jọ pé ó rú òfin tí mo sọ. Ọ̀gá rẹ gan-an lè fi bi ọ́. "They called him to the Bar." "To" jẹ́ ọ̀rọ̀-atọ́kùn, àbí? Kí ló dé tí "him" fi wà níwájú rẹ̀? Padà sí ìbéèrè wa: ta ló ni "to"? "The Bar" ló ni ín. "Him" jẹ́ àbọ̀ "called" tààrà, òun ni wọ́n pè. "To" ní ẹni tirẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n pe Awólọ́wọ̀ sí ẹgbẹ́ lọ́yà ní London ní 1946, kó tó padà wá ṣiṣẹ́ lọ́yà n'Ìbàdàn níbí, "they called him to the Bar" ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni "They called him after his grandfather": "him" ni wọ́n sọ lórúkọ, bàbá bàbá rẹ̀ ló ni "after". Àwọn tó bá kọ "called to him the Bar" kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó kọ "called after him his grandfather". Nítorí náà, tí ọ̀rọ̀ méjì bá wà nínú gbólóhùn tí wọ́n lè gba ọ̀rọ̀ kékeré, wá ẹni tó ni ín kó o tó gbé ohunkóhun.

Gbogbo ẹni tó bá ti jáde yunifásítì tàbí Poli n'Ìbàdàn mọ "call-up letter", ìwé tí NYSC fi ń pe èèyàn wá sìn ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá láti ara "call up": "They called her up." "Up" jẹ́ ti "call", ohùn ń tẹ̀ ẹ́. Ìwọ náà á rí tìrẹ gbà lọ́jọ́ kan, tó o bá ṣì ń ronú láti lọ sí yunifásítì. Àmọ́ dókítà tó wà "on call" ní UCH yàtọ̀ pátápátá. "Call" tibẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, "on" sì wà níwájú rẹ̀. Kò kàn wá níbí.

Má rò pé ìwọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń pọ́n lójú. Samuel Johnson sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó jáde ní 1755 pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n so ọ̀rọ̀ kékeré mọ́ nídìí báyìí ló ń fún àjèjì ní ìṣòro jù lọ nínú èdè náà. (Kì í ṣe Àlùfáà Johnson tiwa tó kọ ìtàn Yorùbá o, òyìnbó tó ṣáájú rẹ̀ ni.) "Call" fúnra rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ bíbí inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá Yúróòpù tó ń gba orí omi wá já wọn lólè ni wọ́n ti gbọ́ ọ jù, "kalla" ni àwọn yẹn ń pè é.

Kí n fi èyí kún un nítorí irú ọ́fíìsì tí o wà. Àwọn lẹ́tà lọ́yà kan ń fi ọ̀rọ̀ kékeré síbi tí kò ti yẹ kó wà rárá: "We hereby request for the documents", "we demand for payment", "we discussed about it". Yorùbá ló ń tì wọ́n, torí pé a máa ń "béèrè fún" nǹkan, a sì máa ń "sọ̀rọ̀ nípa" rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ "for" lẹ́yìn "request" àti "demand" tí wọ́n bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe: "we request them", "we demand payment". Tí wọ́n bá di ọ̀rọ̀-orúkọ ni "for" tó padà wá: "our request for the documents", "a demand for payment". "Discuss" kò fẹ́ "about" nígbà kankan. Ìwọ ṣá wò ó, ọ̀gá rẹ lè má tíì kíyè sí èyí nínú lẹ́tà tirẹ̀. Tó o bá rí i níbẹ̀, rọra fi bírò sàmì sí i kó o tó la ẹnu.

Ó ku ti nọ́ńbà. "Call me on this number" ni Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Britain, òun sì ni àwa ń lò ní Nàìjíríà. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sọ pé "call me at this number". Èyíkéyìí tó o bá kọ, kò sẹ́ni tó máa fi bírò pupa lé ọ. "Call me with this number" ni kó o yẹra fún, torí pé ohun tí ẹni tó bá kà á lè gbọ́ ni pé kó wá ya nọ́ńbà yìí lò láti fi pe ọ́ sórí òmíràn. Tó bá jẹ́ pé ohun tí o fẹ́ sọ gan-an nìyẹn, pé kó fi láìnì rẹ̀ kejì pè ọ́, "call me from your other line" ló máa yé e jù. Kíyè sí "me" nínú gbogbo wọn: kò kúrò lẹ́yìn "call" rárá, torí pé nọ́ńbà ló ni "on", òun ló ni "at", láìnì ló sì ni "from".